Káàdì Àjọ Ilẹ̀: Ta Ni Yóò Tọ́jú Àwòrán Sátẹ́láìtì Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́?

Èrò kan ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ láàárín ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba, sọ́fíyọ̀, olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga àti oníṣòwò ilẹ̀ tí iṣẹ́ wọn kan ilẹ̀ àti omi ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Wọ́n gbà pé àwòrán tí àwọn sátẹ́láìtì ti ń yà láti òfurufú fún ọ̀pọ̀ ọdún jẹ́ ẹrù tí ó ju orí ilé ẹ̀kọ́ tàbí ìjọba ìbílẹ̀ lọ, pé kí a fi ìpamọ́ àti ìtúpalẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ilẹ̀ òkèèrè, kí ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí Ìkòròdú tàbí Ẹ̀pẹ́ ṣe rí sì ṣí fóònù rẹ̀, kí ó wo àwòrán tí ó tuntun jù lọ níbẹ̀. Èrò yìí gbayì nítorí pé ó jọ ọgbọ́n, ó sì jọ ìrẹ̀lẹ̀, ṣùgbọ́n kò tọ̀nà rárá. Ẹrù náà kò wúwo tó bí wọ́n ti ń wí. Àwòrán tuntun nìkan a máa ṣi ènìyàn lọ́nà. Ìlú tí ó bá sì gbé ìtàn ilẹ̀ rẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ yóò máa tọrọ ìtàn náà ní gbogbo ìgbà tí ọ̀ràn ilẹ̀ bá dé.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń jà lé lórí. Sátẹ́láìtì tí ń wo ilẹ̀ kì í ya fọ́tò bí fóònù ti ń yà á. Ńṣe ni ó ń wọn ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí ilẹ̀, omi, ewé àti òrùlé ń dá padà, tí ó sì ń kọ ìwọ̀n náà sílẹ̀ ní nọ́ńbà fún igun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan tí ó pín ilẹ̀ sí. Igun mẹ́rin kéékèèké wọ̀nyí ni wọ́n ń pè ní píksẹ́lì. Àwọn ará Amẹ́ríkà fi àkọ́kọ́ nínú irú sátẹ́láìtì bẹ́ẹ̀, tí a wá mọ̀ sí Landsat, sókè ní oṣù Keje ọdún 1972, wọn kò sì tíì dáwọ́ dúró. Láti ọdún 1982 ni píksẹ́lì rẹ̀ ti jẹ́ mítà 30 ní ìbú àti ní òòró, tí sátẹ́láìtì kan sì ń padà sójú ibì kan náà lẹ́yìn ọjọ́ 16. Àwọn ará Yúróòpù fi Sentinel-2 tiwọn kún un ní ọdún 2015, èkejì rẹ̀ gòkè ní ọdún 2017, píksẹ́lì wọn tí ó kéré jù jẹ́ mítà 10, sátẹ́láìtì méjì sì jọ ń padà wá ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún. Bí a bá to gbogbo àwòrán ibì kan léra, láti ọjọ́ àkọ́kọ́ títí di òní, tí píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan bọ́ sórí ẹnìkejì rẹ̀ gẹ́lẹ́, ohun tí a ní nìyẹn tí àròkọ yìí yóò máa pè ní àkójọ ìgbà-dé-ìgbà. Inú àkójọ yẹn ni èrè iṣẹ́ yìí wà, nítorí pé àwòrán kan ṣoṣo dà bí ojú ewé kan tí a ya nínú ìwé ìtàn.

Àwọn tí wọ́n ní àwòrán tuntun ti tó kò tíì fara balẹ̀ wo ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ nígbà tí òjò bá ti wọ̀. Ewéko àjèjì kan, olódòdó àlùkò, tí ó ń léfòó bí ojú oró, wọ inú omi Ìpínlẹ̀ Èkó ní ọdún 1984, láti ìgbà náà ni ó sì ti ń bo ojú ọ̀sà débi pé ọkọ̀ apẹja kì í rọ́nà kọjá. Ìmọ́lẹ̀ kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ẹ̀yìn-pupa, tí ojú ènìyàn kò lè rí, ṣùgbọ́n tí sátẹ́láìtì ń rí. Ewé tútù a máa dá púpọ̀ nínú rẹ̀ padà, omi a sì máa gbé fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo rẹ̀ mì. Àwọn onímọ̀ a máa yọ ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ pupa kúrò lára ìwọ̀n ẹ̀yìn-pupa yìí, wọn a fi àròpọ̀ àwọn méjèèjì pín èyí tí ó kù, èsì rẹ̀ a sì jẹ́ ìwọ̀n ewé: ó ń sún mọ́ 1 níbi tí igbó bá ti dí, ó sì sábà máa ń rẹlẹ̀ ju òdo lọ lójú omi. Bí àwòrán tuntun náà bá wá bọ́ sí ọ̀sẹ̀ tí ewéko yìí bo ọ̀sà, kọ̀ǹpútà yóò sọ pé igbó ni ó wà níbẹ̀, ẹni tí ó ń ya máàpù yóò sì gbà á gbọ́. Àkójọ ìgbà-dé-ìgbà nìkan ni ó lè já irọ́ náà, nítorí pé yóò fi hàn pé ìwọ̀n ewé ibẹ̀ gòkè ní àsìkò òjò, ó wálẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀rùn nígbà tí ewéko náà kú tàbí tí atẹ́gùn gbé e lọ, ó tún gòkè lọ́dún tí ó tẹ̀lé e. Igbó kì í ṣí kúrò níbi tí ó wà kí ó tún padà wá láàárín oṣù mẹ́ta.

Kí a tún mú píksẹ́lì kan ṣoṣo ní etí ọ̀sà ní agbègbè Ìbẹṣẹ tàbí Bàyékù ní Ìkòròdú, níbi tí àwọn tí ń wa yanrìn ti ń fi ẹ̀rọ fà á láti ìsàlẹ̀ omi, kí a sì máa ka nọ́ńbà rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka ìlẹ̀kẹ̀. Fún ọdún púpọ̀, ìwọ̀n ẹ̀yìn-pupa rẹ̀ kò ju ìdá díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún lọ, nítorí pé omi ni. Lẹ́yìn náà, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, nọ́ńbà náà fò sókè nínú gbogbo àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé yanrìn gbígbẹ máa ń dá oríṣiríṣi ìmọ́lẹ̀ padà lọ́pọ̀lọpọ̀. Bí ó bá jẹ́ òkìtì yanrìn títà ni, nọ́ńbà yóò máa gòkè, yóò máa sọ̀kalẹ̀, bí típà ti ń kó o lọ tí ẹ̀rọ sì ń fa òmíràn wá. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n fi kún ọ̀sà láti kọ́lé ni, kò ní í sọ̀kalẹ̀ mọ́. Koríko yóò hù sí i, ìwọ̀n ewé yóò gbéra díẹ̀ fún òjò kan tàbí méjì, lẹ́yìn èyí ni nọ́ńbà òrùlé yóò dé, tí òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn kò lè yí padà bí wọ́n ti ń yí ti ewé padà. Gbogbo ìtàn yìí, láti omi dé ilé, wà nínú píksẹ́lì kan tí kò fẹ̀ ju ilé kékeré kan lọ. Ẹni tí ó wo àwòrán tuntun nìkan yóò rí òrùlé, kò sì ní í mọ̀ pé inú omi ni òrùlé náà wà nígbà kan.

Àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí ń ṣọ́ irú ìyípadà báyìí ní láti kọ́kọ́ mọ ìṣe píksẹ́lì náà, bí ó ti ń ṣe ní òjò, bí ó ti ń ṣe nígbà ọyẹ́, kí wọ́n tó lè mọ̀ pé ó ti yà kúrò lójú ọ̀nà. Ọ̀kan tí ó gbajúmọ̀ nínú wọn kì í kéde ìyípadà àfi bí àwòrán mẹ́fà tí ó tẹ̀léra bá ta ko ohun tí àwọn ọdún ìṣáájú ti fi hàn. Ètò tí kò ní ọdún ìṣáájú lọ́wọ́ kò ní ohun tí yóò fi wé.

Ọ̀rọ̀ ìpamọ́ wá kàn, ibẹ̀ sì ni àwọn tí ń pariwo ìwúwo ti ṣìnà jù lọ, nítorí pé bí a ti to dátà ṣe pàtàkì ju bí ó ti pọ̀ tó lọ. Alájọ tí ń yí ọjà Ẹ̀pẹ́ ká láràárọ̀ lè ní oríṣi àkọsílẹ̀ méjì. Èyí àkọ́kọ́ jẹ́ ìwé tí ojú ewé rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ti ọjọ́ kan, tí ó kọ orúkọ gbogbo àwọn tí ó dá owó lọ́jọ́ náà sí. Èkejì jẹ́ káàdì tí ó wà lọ́wọ́ oníbàárà kọ̀ọ̀kan, tí àyè 31 wà lára rẹ̀ fún ọjọ́ inú oṣù. Bí ìyá ẹlẹ́ja kan bá fẹ́ mọ iye tí ó ti dá, alájọ tí ó ní ìwé ọjọ́ nìkan yóò ṣí ojú ewé 31, yóò máa wá orúkọ kan náà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní káàdì yóò wò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, yóò sì ka owó. Ìwé ọjọ́ gan-an ni sátẹ́láìtì ń kọ, nítorí pé fáìlì ọjọ́ kan ni ó ń wá, tí gbogbo agbègbè wà nínú rẹ̀. Bí a bá tọ́jú rẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí a wá ń béèrè ìtàn píksẹ́lì Bàyékù fún ọdún mẹ́wàá, kọ̀ǹpútà ní láti ṣí fáìlì tí ó lè lé ní 700, kí ó mú nọ́ńbà bíńtín jáde nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó sì pa á dé. Nígbà tí ẹ̀rọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná tí kò sì dáhùn, wọn a ní dátà náà ti pọ̀ jù. Kò pọ̀ jù. Wọn kò tò ó sórí káàdì ni.

Ìtò tí ó yẹ ni pé kí a gé agbègbè náà sí búlọ́ọ̀kù kéékèèké, bí àpẹẹrẹ píksẹ́lì 100 ní ìbú àti 100 ní òòró, kí gbogbo ọjọ́ tí ó jẹ́ ti búlọ́ọ̀kù kan sì wà papọ̀ ní ìtẹ̀léra. Oríṣi fáìlì tí wọ́n ń pè ní Zarr àti èyí tí wọ́n ń pè ní NetCDF gba irú ìtò yìí láìsí wàhálà, wọ́n sì ń fún nọ́ńbà pọ̀ kí àyè tí ó gbà lè kéré. Iṣẹ́ àtúntò náà lè gba ọ̀sẹ̀ kan lórí kọ̀ǹpútà tí kò lágbára púpọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ìbéèrè tí ó ń gba òru mọ́jú yóò máa gba ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ní ti ìwúwo fúnra rẹ̀, ìṣirò ni ó lè parí rẹ̀. Kí a fa igun mẹ́rin kan tí ó gba Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ mọ́ra pẹ̀lú ọ̀sà tí ó wà láàárín wọn, kí ó gùn ní kìlómítà 70, kí ó sì fẹ̀ ní kìlómítà 40. Píksẹ́lì Sentinel-2 tí ó wà nínú rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 28. Báìtì ni òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ àyè tí dátà gbà. Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan nínú àwòrán wọ̀nyí ń gba báìtì méjì, àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ tí ó ní píksẹ́lì mítà 10 sì jẹ́ mẹ́rin, nítorí náà ọjọ́ kan gba mẹgabáìtì 224. Àwòrán 73 ni ó wà nínú ọdún bí ọjọ́ márùn-ún kankan kò bá yẹ̀, ìyẹn jẹ́ gígábáìtì 16 àti díẹ̀. Ọdún mẹ́wàá kò pé gígábáìtì 165. Bí a bá fi Landsat ogójì ọdún kún un pẹ̀lú àwọ̀ mẹ́fà, bí ẹni pé kò sí ọjọ́ kan tí ó fò, ó jẹ́ nǹkan bí gígábáìtì 34. Ní òtítọ́, èyí tí ó wà kò tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé àwòrán Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n tọ́jú ṣáájú ọdún 2000 kò pọ̀. Dátà rádà tí a ó mẹ́nu bà níwájú kò ní í kọjá gígábáìtì 40 fún ọdún mọ́kànlá. Àpapọ̀ gbogbo rẹ̀, láìtíì fún un pọ̀ rárá, kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin dísìkì oní-tẹrabáìtì kan, irú èyí tí wọ́n ń tà káàkiri ní ọjà kọ̀ǹpútà Ìkẹjà, tí ènìyàn sì lè fi sínú àpò ṣòkòtò gbé lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ohun tí ó ń dẹ́rù ba àwọn ènìyàn ni pé odindi fáìlì ni wọ́n ń fà wálé láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí ó fẹ̀ tó kìlómítà 110 ní ìbú àti òòró, tí ó gba òkun, Ìjẹ̀bú àti ibi púpọ̀ mìíràn mọ́ra, wọ́n wá ń ka owó dátà orí fóònù. Ẹ̀dọ̀ ni wọ́n nílò, odindi màlúù ni wọ́n ń rà. Fáìlì tí wọ́n ń tò sí ìpín-ìpín lóde òní, tí atọ́ka rẹ̀ wà ní iwájú, ti jẹ́ kí ènìyàn lè fa kìkì apá tí ó nílò.

Àwọn alátakò yóò sọ pé kí ni a ó tún máa tọ́jú ẹ̀dà fún, nígbà tí ó wà lọ́fẹ̀ẹ́ níbi tí ó wà. Ọ̀fẹ́ náà kò pẹ́ bí wọ́n ti rò. Títí di ọdún 2008, títà ni wọ́n ń ta àwòrán Landsat. Ẹyọ kan láti ara Landsat 7 jẹ́ 600 dọ́là, owó tí ó lé ọ̀pọ̀ onímọ̀ Áfíríkà sẹ́yìn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Google Earth Engine, tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ fi ń tú àwòrán sátẹ́láìtì palẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n sì rò pé ogún bàbá àwọn ni, bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ní ọdún 2022. Ẹni tí ó ṣí ilẹ̀kùn lè tì í. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni kọ ìrànwọ́: Digital Earth Africa, tí ń to àwòrán sátẹ́láìtì gbogbo Áfíríkà, tí dátà rẹ̀ sì wà ní Cape Town, ń ṣe iṣẹ́ tí ó wúlò, ilé ẹ̀kọ́ AFRIGIST tí ó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ sì wà lára àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí adágún Chad ti ń ṣe tàbí bí igbó gbogbo Áfíríkà ti ń dínkù, kí ó lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé tí ó ń tọ́jú kọ́ńtínẹ́ǹtì kò lè mọ orúkọ ebúté kọ̀ọ̀kan ní Ìkòròdú.

Nàìjíríà pàápàá ti fi sátẹ́láìtì tirẹ̀ sókè, NigeriaSat-1 ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2003, NigeriaSat-2 àti NigeriaSat-X ní oṣù Kẹjọ ọdún 2011, inú gbogbo ènìyàn sì dùn. Ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀ ni àwọn ìwé ìròyìn rántí. Ìbéèrè nípa ibi tí àwòrán wọn yóò máa gbé lẹ́yìn ogún ọdún, àti ẹni tí yóò lè kà á, kì í fa àtẹ́wọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni òun ni ó ṣòro jù.

Ìdí tí ó lágbára jù lọ tí dátà yìí fi yẹ kí ó wà nítòsí àwọn tí ilẹ̀ náà jẹ́ tiwọn ni pé ó kún fún ọ̀fìn. Sentinel-2 ń kọ ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀ lọ́nà tí 10,000 fi dúró fún ìmọ́lẹ̀ tí ó padà ní odindi. Láti ọjọ́ 25 oṣù Kìíní ọdún 2022, àwọn tí ń ṣètò rẹ̀ ní Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í fi 1,000 kún gbogbo nọ́ńbà kí ó má baà sí èyí tí yóò kéré sí òdo. Píksẹ́lì omi tí ó jẹ́ 300 lánàá di 1,300 lónìí. Ẹni tí ó bá da fáìlì ṣáájú ọjọ́ náà pọ̀ mọ́ ti ẹ̀yìn rẹ̀ láìyọ 1,000 náà kúrò yóò rí i bí ẹni pé wọ́n fi yanrìn kún gbogbo ọ̀sà Èkó láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Bákan náà ni ẹ̀yà kan bàjẹ́ lára Landsat 7 ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 2003, tí ìlà dúdú fi là inú àwòrán rẹ̀ kọjá láti ìgbà náà títí iṣẹ́ rẹ̀ fi parí, tí nǹkan bí ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún àwòrán kọ̀ọ̀kan sì sọnù. Ìkùukùu àsìkò òjò àti eruku ọyẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Kọ̀ǹpútà òkèèrè yóò ṣírò gbogbo rẹ̀ kíákíá, ṣùgbọ́n ẹni tí ó máa ń gba ojú ọ̀sà kọjá ni yóò wo èsì náà tí yóò ní rárá, kò sí yanrìn kankan níbẹ̀ lọ́dún náà.

Ajégúnlẹ̀ tí ó wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú mọ ohun tí àìní àkójọ ń fà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2010, omi tí wọ́n tú sílẹ̀ láti ìsédò Ọ̀yán, èyí tí wọ́n ṣí ní ọdún 1983 ní ìpínlẹ̀ Ògùn, gba odò Ògùn sọ̀kalẹ̀ wá bá wọn nínú ilé, ọ̀pọ̀ ni ó sì sá fi ilé wọn sílẹ̀. Ìkùukùu a máa bo ojú ilẹ̀ mọ́ sátẹ́láìtì tí ń lo ìmọ́lẹ̀ oòrùn, àsìkò tí omi sì ń kún ni ìkùukùu ń pọ̀ jù. Sentinel-1, tí ó gòkè ní ọdún 2014, ń lo rádà, ìyẹn ni pé ó ń fi ìgbì tirẹ̀ ránṣẹ́ sílẹ̀ tí ó sì ń gba ìró rẹ̀ padà, òru tàbí ìkùukùu kò sì dí i lọ́wọ́. Omi tí ó tẹ́jú kì í dá ìgbì náà padà sí i, nítorí náà dúdú ni ó ń hàn. Òótọ́ ni pé omi tí ó wọ àárín ilé ṣòro fún un láti rí, nítorí pé ògiri ń da ìgbì náà rú. Síbẹ̀, irà àti pápá tí ó yí àdúgbò náà ká ń hàn kedere, àkójọ ọdún púpọ̀ sì lè sọ ibi tí omi ń kọ́kọ́ dé, ibi tí ó ń pẹ́ sí, àti bí ó ti ń fẹ̀ sí i bí wọ́n ti ń fi yanrìn kún irà tí omi náà ì bá sinmi sí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀ràn ilẹ̀, tí ó ń da ilé ẹjọ́ láàmú ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́. Sátẹ́láìtì kò lè sọ ẹni tí ó ni ilẹ̀, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi í ṣe ẹlẹ́rìí lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá búra pé bàbá òun ti ń dáko sí ibì kan láti ọdún 1990, tí gbogbo nọ́ńbà tí ó wà sì fi hàn pé igbó tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn ni ibẹ̀ títí di ọdún 2012, ó yẹ kí adájọ́ gbọ́. Igbó tí ó bo yàrà Ẹrẹ̀dò Ṣùngbọ́, ọ̀kan nínú iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba ńlá wa tí ó tóbi jù lọ, nílò irú ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀ kí àwọn tí ń ta ilẹ̀ tó gé e tán.

Àwọn kan yóò tún ní iná mànàmáná kò sí. Ìjẹ̀dẹ́ tí ilé iṣẹ́ iná Ẹ̀gbìn wà kò jìnnà sí Ìkòròdú, kọ̀ǹpútà kan pẹ̀lú dísìkì méjì kò sì jẹ iná ju fíríìjì ìyá oníminíràà lọ. Yunifásítì LASUSTECH wà ní Ìkòròdú, ọgbà yunifásítì LASUED wà ní Nọ́fọ́rìjà ní Ẹ̀pẹ́, àwọn ìjọba ìbílẹ̀ méjèèjì sì ń náwó lórí ohun tí ó wọ́n ju èyí lọ. Kí àwọn aláṣẹ wọn ra dísìkì, kí wọ́n fi ẹ̀dà kan sí Ìkòròdú, kí wọ́n fi èkejì sí Ẹ̀pẹ́ kí jàǹbá kan má baà kó méjèèjì, kí wọ́n pe ọ̀dọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ó mọ kọ̀ǹpútà jókòó pẹ̀lú àwọn apẹja àti àgbẹ̀ tí ó mọ omi àti ilẹ̀, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í to káàdì náà ní ọdún yìí.